Gàrí Rírà àti Láti Ra Gàrí

Àpò gàrí ogójì ló wà nílẹ̀ ní àgbàlá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti rán ẹnu gbogbo wọn, awakọ̀ tí yóò kó wọn gba Ìlárá kọjá sí òdìkejì bodè sì ti gba ìdajì owó rẹ̀. Ìyá Onígàrí ni àwọn èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé wọn kò sì kọjá ti inú ọjà. Ọkùnrin tó fẹ́ ra gàrí náà, ọmọ Ìbò ni, Àbá ló ń gbé, a kò sì bá a pàdé rí níbòmíràn ju orí WhatsApp lọ. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èdè tó wà láàárín wa. Èmi tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ni akọ̀wé.

Ọkùnrin náà bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ti gbọ́ pé a máa ń gba gàrí lọ́wọ́ obìnrin kan ní abúlé tó wà lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, ẹni tí yanrìn kì í wọ́n nínú gàrí rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Onígàrí ní kí n dá a lóhùn pé a ti jáwọ́ ńbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kíá: "We stopped to buy gari from that woman." Mo fi ránṣẹ́, mo tilẹ̀ fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i nídìí.

Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, kò sí èsì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ̀wé pé òun ti rí ẹlòmíràn rà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé òun dúpẹ́ gan-an tí a kò parọ́ fún òun.

Mo ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí ohun tí mo ṣe tó hàn sí mi. Ohun tí mo sọ fún un ni pé a ń lọ lọ́nà, a rí obìnrin náà, a dúró kí a lè ra gàrí rẹ̀. Bí mo bá ti kọ "We stopped buying", ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Nítorí -ing kan ṣoṣo ni àpò gàrí ogójì fi sùn sí àgbàlá, lásìkò òjò pàápàá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ìdánwò, bíìkì pupa ni n ó fi yí i po, n ó sì kọ àmì ìbéèrè méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Bí àwa ṣe kọ́ ọ nìyí. Ní sixième, ọdún àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà tí Faransé ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Nígbà tí a dé kíláàsì tó ga díẹ̀, olùkọ́ wa fa ìlà sí àárín bọ́ọ̀dù. Lápá òsì ló kọ want, hope, decide, promise, refuse, agree sí. Àwọn wọ̀nyí, "to" ni kí ẹ fi tẹ̀ lé wọn. Lápá ọ̀tún ni enjoy, avoid, finish, mind, suggest wà; -ing ni tiwọn. A kọ́ ọ sórí bí ẹni ń kọ́ oríkì ìdílé onídìílé. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àpótí kékeré kan, ló kó àwọn tó ń gba méjèèjì sí, stop, remember, forget, try. Aago dún kí a tó débẹ̀. Nígbà tí a tún pàdé, orí nǹkan mìíràn la bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dà bí àwáwí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Faransé ló tì mí ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ gàrí yẹn. Ìyá Onígàrí sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, èmi kò gbé Yorùbá wọn lọ tààrà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ́kọ́ gbé e gba ilé Faransé kọjá, bí ẹni tó ń lọ sí Ìmẹ̀kọ lódìkejì bodè níbí tó wá gba Kùtọnu. Ní Faransé, "nous avons arrêté d'acheter" ni. "De" yẹn, bó ti kéré tó, ó máa ń fojú jọ "to". Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e sì wà ní ìhòòhò, acheter, láìní ohunkóhun lára. Bẹ́ẹ̀ ni Faransé ṣe ń ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn rẹ̀ gbogbo, àfi "en" nìkan: avant de partir, sans manger, pour dormir. Ìdí nìyẹn tí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi fi kún fún "before to go" àti "without to eat", àti "thank you to come" tí mo ti rí títí ó fi sú mi. Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ ìhòòhò lẹ́yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn. Ó fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ńbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lo ní lọ́wọ́, wọ -ing sí i lọ́rùn kó lè jọ orúkọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí èsì yẹn dé, mo lọ jẹ́wọ́. Ìyá Onígàrí jókòó ti agbada, iná ti kú lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sẹ́ ìyókù gàrí.

"Kí lo tilẹ̀ kọ fún un gan-an?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, mo kọ ọ́ pé a dúró láti ra gàrí lọ́wọ́ obìnrin yẹn ni."

Wọ́n gbé asẹ́ sílẹ̀. "A dúró láti rà á kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Gàrí rírà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ní a jáwọ́ nínú rẹ̀!"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n etí mi nà. Obìnrin tí kò wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ kan rí ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ níwájú mi yìí, lójú ẹsẹ̀, láìsí ìlà kankan láàárín bọ́ọ̀dù. Láti ra gàrí. Gàrí rírà. "To buy." "Buying." Ó wà lẹ́nu tèmi náà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò kàn bi í léèrè rí ni.

Mo mọ ohun tó fà á tí mi ò fi bi í. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ọmọ tó bá fọ èdè ilé, ohun kan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn, "signal" là ń pè é, yóò sì wà lọ́rùn rẹ títí wàá fi gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mìíràn kí o tó bọ́ ọ fún un. Ẹni tó bá gbé e sùn, ẹgba ni. Lẹ́yìn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, Yorùbá kọ́ ni ibi àkọ́kọ́ tí èèyàn ń wá gírámà lọ.

Ẹ wo bí rírà ṣe rí ná. A mú ìró àkọ́kọ́ nínú rà, a fi "í" tẹ̀ lé e, a wá gbé odindi rà kà á: rírà. Mu di mímu, lọ di lílọ, yan di yíyan. Àpètúnpè ni àwọn onígírámà wa ń pè é. Gbàrà tí a bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà di nǹkan, bí agbada, bí asẹ́. O lè fọwọ́ tọ́ka sí i, o lè gbádùn rẹ̀, o lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Kódà gàrí tí à ń rà yóò ṣí nípò lọ síwájú: a ra gàrí, ṣùgbọ́n gàrí rírà. Orin kíkọ, sìgá mímu, ẹ̀gẹ́ rínrín.

Láti ńkọ́? Àlàyé tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ èdè wa dáadáa ni pé "ní" àti "àti" ló so pọ̀ di "láti", bí ní ilé ṣe di nílé tí ní ọjà di lọ́jà. "Àti" yẹn náà wà lẹ́nu wa ní ààyè ara rẹ̀. Àtijẹ àtimu ń le. Iṣẹ́ tí ojú ṣì ń wò níwájú ni àtijẹ, oúnjẹ kò tíì débi ọ̀fun. "To" Gẹ̀ẹ́sì náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Láyé àtijọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan náà ni ó jẹ́ pẹ̀lú "to" inú "to the market": sí ibẹ̀, sí iwájú. Ó ń nawọ́ sí iṣẹ́ tí a kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ní ti -ing, láti ìgbà náà ló ti ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ. Mi ò sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni èdè méjèèjì o. Gẹ̀ẹ́sì ò bá wa tan. Ìṣòro kan náà ló dé bá àwọn àti àwa, oníkálukú sì wá irinṣẹ́ tirẹ̀.

Níbi "without to eat" yẹn gan-an, Yorùbá ń ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Ó sùn láìjẹun. Tú láìjẹun palẹ̀, "ní" àti "àìjẹun" lo máa bá ńbẹ̀. Àìjẹun sì jẹ́ orúkọ, bí àìsàn, bí àìlera. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn, lẹ́yìn náà orúkọ. "Without eating." Ọmọ Kétu tó ń kọ "without to eat" kò jogún àṣìṣe yẹn nílé baba rẹ̀. Inú Faransé ló ti kó o.

Ìlà bodè máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ronú débẹ̀. Ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886. Ní 1889, nígbà tí ìlú ṣì wà ní ahoro, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ibi tí ààlà wọn yóò gbà. Kétu bọ́ sápá Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ìbátan ní Ìmẹ̀kọ tí ọjọ́ orí wa dọ́gba, tí kò mọ gírámà tó mi, tí kò sì lè ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe yẹn láéláé. Ṣáájú gbogbo èyí, Àjàyí Crowther ti wá sí Kétu ní 1853, Alákétu sì gbà á lálejò. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n tẹ ìwé gírámà Yorùbá tí ó kọ jáde, ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi èdè wa lé orí òṣùwọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti rin ilẹ̀ yìí kọjá, èmi wá jókòó sórí ilẹ̀ kan náà, mo ń kọ́ sórí láti inú kọ́lọ́ọ̀mù méjì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mi ò fa ìlà sí bọ́ọ̀dù mọ́. Mo sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n bá mi wá ẹni tó ń gbàgbé nǹkan. Ọmọkùnrin kan ní bàbá òun ni. Mo kọ méjì sílẹ̀: "My father forgot to pay the school fees." "My father forgot paying the school fees." Mo ní kí ó yan bàbá tó wù ú. Àwọn ọmọ kò kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni, nínú kíláàsì, láìsí pé a gbé nǹkan kan kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ti àkọ́kọ́ kò le: ó gbàgbé láti san owó, owó kò tíì kúrò lápò bàbá. Ti èkejì gba àkókò, kí ọmọbìnrin kan tó sọ lẹ́yìn pé: "Madame, ó ti san án, ó wá gbàgbé pé òun ti san án." "Ó fẹ́ san án lẹ́ẹ̀kejì!" ni ẹlòmíràn kígbe, kíláàsì sì dàrú. Gbogbo wọn ló ń wá irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Remember kò ṣòro lẹ́yìn ìyẹn. "Remember to lock the door" ń bá ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní "I remember locking the door" ti tì í, ó sì lè fọkàn balẹ̀ sùn. Try náà: bí mo bá "tried to open" ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn le; bí ẹ bá ní kí n "try opening" fèrèsé nítorí ooru, fèrèsé kò le, ṣe la fẹ́ fi dán an wò bóyá ooru yóò dín. Ní ti begin, start, continue, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n má fi oorun wọn tà á.

Bí mo bá dúró síbí, mo ti parọ́ fún yín. Nítorí ọ̀nà yìí ní kòtò, Yorùbá fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ òmíràn nínú wọn. Ẹ gbọ́ "mo fẹ́ lọ". Láti dà? Kò sí. Je veux aller, kò sí "de" níbẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá àti Faransé wá pawọ́ pọ̀ ti ọmọ sínú "I want go", bóyá ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí tí ẹnu àwọn méjèèjì kò nínú ilé-ìwé wa. Suggest ń da ọ̀rọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn mi rú: ẹni tó dá a lábàá pé kí a lọ, a kò tíì lọ, síbẹ̀ "he suggested going" ni. Managed tún wá burú jù ú lọ, torí "she managed to sell it" túmọ̀ sí pé ó ti tà á tán, owó ti wọlé, "to" ṣì wà níbẹ̀ tó ń nawọ́ síwájú bí ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wọn sórí. Mo bẹ olùkọ́ mi níbi tó bá wà fún gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù lọ ni "look forward to". Mo ń retí àtirí yín, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ṣe máa ń sọ ọ́, "àti" yẹn sì ń wo iwájú bó ṣe yẹ. Gẹ̀ẹ́sì náà ní "forward", iwájú ni, ó tún ní "to", iwájú ni, lẹ́yìn náà ó ní "seeing"! Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọ bí èèwọ̀ tí a kì í béèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé Sátidé síbẹ̀ ni mo rí ojú rẹ̀. "I look forward to Saturday" dára. "I want to Saturday", ẹnu kò gbà á. "To" ti look forward, ọ̀rọ̀-atọ́kùn gidi ni, kò sí nínú àwọn tó ń sìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Orúkọ ló ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí "see" fi ní láti wọ -ing. Bẹ́ẹ̀ náà ni "I am used to waking early", ti Ìyá Onígàrí tí aago márùn-ún kì í bá lórí ẹní. "I used to wake early" ni tèmi, nígbà tí mo ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Gàrí ọjọ́ náà kò bàjẹ́ pátá. A tà á díẹ̀díẹ̀, ní ọjà Kétu àti lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, kò pa owó tí à ń retí, awakọ̀ kò sì dá ìdajì owó rẹ̀ padà. Ìyá Onígàrí kò sọ ohunkóhun sí mi nípa rẹ̀, èyí tó le ju èébú lọ.

Nígbà tí ọ̀dá gàrí tún mú, wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọkùnrin Àbá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ṣé kí n má wá ẹlòmíràn bá wọn kọ ọ́ ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n n ó máa wí, ìwọ yóò máa tẹ̀lé mi, má fi nǹkan kan kún un." Wọ́n wá jókòó tì mí lórí àpótí, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀: gàrí rírà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, a ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ àpètúnpè lẹ́nu wọn, mo ń tẹ -ing. Bí wọ́n bá ti pe láti, mo tẹ "to". Mo kà á fún wọn kí n tó fi ránṣẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì mi orí.

Èsì dé láàárín wákàtí kan. Ó ní òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí, kí a kó ogún àpò wá ná. Ó fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: "I am looking forward to see the goods."

"Kí ló wí?" ni Ìyá Onígàrí bi mí.

"Ó ní òun ń retí àtirí ọjà, Màmá."

Ìka mi ti wà lórí fóònù. Mo wo àwọn àpò, mo gbé ìka kúrò.